Transitional year wo ni kí n mú, kí sì ni kí n sọ tí wọ́n bá pè mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbàdàn ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, Nàìjíríà náà ni mo ti ṣe house job. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí, ìwé ẹ̀rí ECFMG mi, èyí tí dókítà tó kàwé ní òkèèrè gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wọ irú ètò yìí ní Amẹ́ríkà, sì ti jáde. Radiology, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ka àwòrán inú ara, ni mo fẹ́ ṣe. Àwọn ètò radiology kan ti pè mí fún interview, àmọ́ ipò advanced ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé èmi fúnra mi ni màá wá ibi tí màá ti ṣe ọdún àkọ́kọ́. Ibi mẹ́ta ló pè mí fún ìyẹn: transitional year méjì, ọ̀kan níbí ní Texas, ọ̀kan ní Pennsylvania, àti preliminary medicine kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára? Kí ni wọ́n máa bi mí, kí sì ni kí n bi wọ́n? Ẹnì kan sọ fún mi pé èyí tó bá rọrùn jù ni kí n mú, kí n fi ọdún yẹn sinmi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire. Kí ètò radiology ní Amẹ́ríkà pe ẹni tó kàwé ní ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ohun kékeré rárá, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti ibi mẹ́ta tó tún pè ọ́ fún ọdún àkọ́kọ́. Mo wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn dókítà tuntun lẹ́nu wò níbi iṣẹ́ mi, nítorí náà ohun tí àwa tó ń béèrè máa ń wá lára ẹni ni màá sọ fún ọ, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń yẹ ètò wò fún àwọn àbúrò tó bá bi mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí o wá èyí tó rọrùn jù. Kò purọ́ tán. Àwọn TY (transitional year) kan wà tí iṣẹ́ wọn fúyẹ́, tí elective wọn sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ sí radiology, dermatology àti anesthesiology fi ń du àyè ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tó fi ṣòroó rí ju preliminary medicine lọ. Ṣùgbọ́n wo iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan péré, wàá wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń ka àwòrán, ọdún mẹ́rin lo sì máa lò níbẹ̀. Ó máa di ọjọ́ kan, ní aago mẹ́ta òru, tí oníṣẹ́ abẹ kan máa pè ọ́ pé kí lo rí nínú CT ikùn màmá kan tí ìfúnpá rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹni tó ti dúró ti irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, tó ti fọwọ́ kan ikùn tó le bíi pákó, ló máa mọ ìdí tí oníṣẹ́ abẹ yẹn fi ń kánjú, òun náà ló sì máa mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wá nínú àwòrán. Ọdún tí o ń wá yìí ni ọdún ìkẹyìn tí aláìsàn máa wà lọ́rùn rẹ láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò lè gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi sinmi. Mi ò sì ní kí o lọ pa ara rẹ. Ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ níṣẹ́, tí wọn ò ní sọ ọ́ di ẹni tó kàn ń kọ̀wé kiri wọ́ọ̀dù, ni ká jọ wá.

Fi house job tí o ṣe wé e, ó máa yé ọ kíá. Nílé, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni medicine, surgery, paediatrics àti obstetrics and gynaecology, ọdún á sì pé. TY fara jọ ọ́: ọdún kan ni, wọ́n máa ń gbé ẹ kiri ẹ̀ka, ACGME, àjọ tó ń fún irú àwọn ètò yìí ní ìwé àṣẹ, sì ti là á kalẹ̀ pé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtọ́jú gidi ní àwọn ẹ̀ka bíi medicine, surgery, ìtọ́jú ọmọdé, ẹ̀ka pàjáwìrì àti dókítà ìdílé. Ohun tó fi yàtọ̀ ni elective, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ máa yan ohun tí o fẹ́ kọ́. Preliminary medicine ní tirẹ̀, medicine ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ICU (ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ṣe é tí wọ́n sì di oníradiology tó múná.

Ohun àkọ́kọ́ tí wàá béèrè lọ́wọ́ ètò kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ interview tó pé pàápàá, ni tábìlì iṣẹ́ ọdún wọn. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbé e sórí wẹ́ẹ́bù wọn. Wọ́n sábà máa ń pín ọdún sí ìpín 13, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Jẹ́ ká sọ pé o rí èyí: ìpín mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù medicine, ọ̀kan ní ICU, ọ̀kan ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ọ̀kan ní surgery, ọ̀kan ní kílíníìkì, ọ̀kan fún iṣẹ́ òru, mẹ́rin tó kù jẹ́ elective. Ó dára lójú, àbí? Tún un kà. Òfin radiology ní kí ọdún àkọ́kọ́ yìí ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 36 tí o fi ń tọ́jú aláìsàn lójúkojú. Ìpín mẹ́sàn-án tí kì í ṣe elective yẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 36 géérégé. Àmọ́ ìsinmi rẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ inú àwọn ìpín mẹ́sàn-án yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ̀sẹ̀ ìsinmi, o ti kùnà. Nítorí náà, ọ̀kan nínú elective rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí o ti ń rí aláìsàn, bíi cardiology tàbí infectious disease. Elective radiology fúnra rẹ̀ ní ààlà: kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n ti ní ètò radiology tó gba ìwé àṣẹ ACGME. Ẹni tó bá wá fi oṣù mẹ́rin jókòó ti àwọn tó ń ka àwòrán ní ilé ìwòsàn kékeré kan ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí o bá ti rí ibi tí o máa lò, fi tábìlì yẹn ránṣẹ́ sí ètò radiology tó gbà ọ́, kí wọ́n wò ó kí o tó yan elective kankan.

Lẹ́yìn tábìlì, alẹ́ ni kí o béèrè nípa rẹ̀. Òfin wákàtí iṣẹ́ kò yàtọ̀ níbi kankan: wákàtí 80 lọ́sẹ̀, tí wọ́n bá pín in lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ kan nínú méje láìsí iṣẹ́, wákàtí 24 lórí ìdúró títí lọ pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin péré láti fi aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbogbo ètò ló máa sọ fún ọ pé àwọn ń pa á mọ́, nítorí náà má fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tí wàá béèrè ni pé ní aago méjì òru, tí nọ́ọ̀sì bá pè mí pé èémí aláìsàn kan ń lé, ta ni mo máa pè, ibo lẹni yẹn wà, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó dé? Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ “dókítà àgbà wà nínú ilé ní gbogbo òru, ó sì máa ń bá wa lọ wo aláìsàn,” ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo ojú ara wọn kí wọ́n tó dáhùn, ṣọ́ra. Béèrè pẹ̀lú pé aláìsàn mélòó ni intern kan (dókítà ọdún àkọ́kọ́) ń mú lẹ́ẹ̀kan, ṣé àwọn residents (dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀ka kan) ti ẹ̀ka mìíràn wà níbẹ̀, ṣé TY àti wọn jọ ń gba ẹ̀kọ́ kan náà. Ilé ìwòsàn kan lè ní residents medicine tirẹ̀ tó máa ń kó gbogbo ọ̀ràn tó lárinrin, kó wá fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn TY. O máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn intern.

Wo ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú. Lórí wẹ́ẹ́bù ACGME, ẹnikẹ́ni lè wo ipò ìwé àṣẹ ètò kọ̀ọ̀kan: bóyá ó ń bá a lọ láìsí ìṣòro, bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún un, bóyá ó wà lábẹ́ ìṣọ́. FREIDA, àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń ṣe, máa sọ ìyókù fún ọ. Níwọ̀n bí ọ̀kan nínú ìpè rẹ ti wá láti Pennsylvania, o ti lè gbọ́ nípa Hahnemann University Hospital ní Philadelphia. Lọ́dún 2019 ni ilé ìwòsàn ńlá yẹn wọko gbèsè, ó sì ti ilẹ̀kùn láàárín oṣù díẹ̀. Residents tó lé ní 500 ló bá ara wọn níta, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti parí ẹ̀kọ́ wọn. Kò yẹ kí èyí mú ọ sá fún ìpínlẹ̀ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o béèrè ta ló ni ilé ìwòsàn tí o ń lọ, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọwọ́ padà ni, ṣé wọ́n ń ti àwọn ẹ̀ka kan pa. Bi wọ́n tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ìbéèrè àgbàlagbà ni.

Ó wá kan interview gan-an. Láti ìgbà Covid ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà tó yẹ kí o mọ̀ nípa TY tí kò sí nínú àwọn ètò yòókù: gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú olùdarí ètò náà ló ń lọ síbòmíràn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní bínú sí ọ pé radiology lo fẹ́ràn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni intern tí ara rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti kó lọ, tí kì í gbé fóònù, tó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, tó ń sọ pé “ṣebí èmi kì í ṣe ti medicine.” Ọ̀nàkọnà tó bá gbà béèrè, ohun kan ló ń wádìí lọ́wọ́ rẹ: ṣé o máa wà níbí lóòótọ́ fún ọdún kan?

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi fẹ́ TY tiwa, má dáhùn pé, “Radiology ló wù mí, mo sì nílò ọdún àkọ́kọ́ kan kí n lè bẹ̀rẹ̀.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n o ti sọ fún un pé ilé rẹ̀ ò ju ibi ìdúró mọ́tò lọ. Sọ nǹkan tó jọ èyí, ní ọ̀rọ̀ tìrẹ: “Mo rí i pé àwọn intern yín máa ń lo oṣù kan ní ICU, dókítà àgbà sì máa ń wà pẹ̀lú wọn lóru. Ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn tí màá máa ka àwòrán wọn lọ́jọ́ iwájú pọ̀ sí jù. Mo fẹ́ mọ̀ wọ́n kí n tó máa rí wọn lójú kọ̀ǹpútà nìkan.” Ó ti hàn pé o ka tábìlì wọn, ó sì ti hàn pé iṣẹ́ lo ń bọ̀ wá ṣe.

Wọ́n máa bi ọ́ léèrè nípa aláìsàn kan tí o kò lè gbàgbé. House job rẹ ni ìṣúra rẹ níbí, má fi í pamọ́. Àwọn ọmọ wa tó kàwé nílé sábà máa ń sá fún un, wọ́n á máa sọ nípa oṣù kan tí wọ́n fi wòran ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí o ṣe fúnra rẹ ló níyì jù. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà gbé dé pẹ̀lú gìrì lóru ni, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó lọ àti oògùn tí kò sí. Sọ ohun tí o rí: ọmọ náà kò mọ nǹkan kan mọ́. Sọ ohun tí o rò: ibà líle máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, o sì yẹ̀ ẹ́ wò kíá. Sọ ohun tí o ṣe: o fún un ní dextrose, o dá gìrì dúró, o pe registrar. Sọ ibi tí agbára rẹ mọ àti ìgbà tí o pe ẹni tó jù ọ́ lọ. Apá ìkẹyìn yìí ni àwa tó ń gbọ́ máa ń tẹ́tí sí jù, nítorí intern tó mọ ìgbà tó yẹ kó pe ẹlòmíràn kì í ba ẹ̀mí jẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Àìsí ohun èlò lè wọ inú ìtàn náà níbi tó bá ti yí ìpinnu rẹ padà, kì í ṣe kí wọ́n lè káàánú rẹ.

Ẹ̀kọ́ ilé tiwa máa ń dí wa lọ́wọ́ díẹ̀ níbi yìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ilé náà o. A kọ́ wa pé kí ọmọdé má wo àgbà lójú, kó má máa yin ara rẹ̀, kó má bi àgbà ní ìbéèrè lọ títí. Nínú interview, ẹni tí kò bá wo kámẹ́rà, wọ́n á rò pé kò dá ara rẹ̀ lójú. Ẹni tó bá ń sọ pé “a ṣe é, a rí i” fún ohun tí òun nìkan ṣe, wọn ò ní mọ ohun tó ṣe. “Mo” ni kí o lò fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, “a” fún ti gbogbo ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè, má ṣe sọ pé rárá. Ohùn rẹ kò ní àbùkù kankan. Kàn sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, kí o sì jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ lórí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà, kó sọ ibi tí kò ti gbọ́ ọ dáadáa.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí wọ́n bi ọ́. Òfin NRMP, àjọ tó ń ṣe Match, ìyẹn ìṣètò tó ń pín àwọn dókítà sí ètò, kò gba ètò láyè láti béèrè àwọn ibi mìíràn tí o ti kọ̀wé sí, tàbí bí o ṣe máa tò wọ́n. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ bóyá o lọ́kọ, bóyá o fẹ́ lóyún, tàbí ìjọ tí o ń lọ. Bí ẹnì kan bá ṣì í bi ọ́, o lè rọra sọ pé, “Kò sí ohun tó máa dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́ níbí,” kí o sì darí ọ̀rọ̀ padà sí ètò wọn. Ìwọ fúnra rẹ lè sọ nípa ọkọ rẹ tó bá wù ọ́. Fún TY ti Texas, ó lè wúlò pàápàá, nítorí ó fi hàn pé ilé rẹ ti wà níbẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá fi ìwọ àti àwọn intern nìkan sílẹ̀ ló ṣe iyebíye jù ní ọjọ́ náà. Bi wọ́n pé, tí ẹ bá tún máa yan, ṣé ibí lẹ máa yàn? Kí ló yí padà láti ìgbà tí ẹ dé? Ìgbà wo lẹ rí ilé lọ lánàá? Má béèrè “ṣé inú yín dùn,” gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Béèrè bóyá wọ́n fún wọn láyè láti ṣe Step 3, ìpele ìkẹyìn nínú ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà, nínú ọdún náà, nítorí ó sàn kí o ṣe é kí medicine tó bọ́ lórí rẹ. Béèrè pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ètò radiology sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdálẹ́kọ̀ọ́ àbáwọlé wọn sì lè ṣáájú rẹ̀. Bí TY bá di ọ́ mú títí di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, tí radiology sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ìgbà wo lo fẹ́ kó ẹrù?

Fún àwọn tó ń ka èyí tí wọ́n nílò físà, ọ̀rọ̀ yín tún ní apá kan sí i. Ibi méjì ló gbọ́dọ̀ lè gbà yín, TY àti ètò tí ẹ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, kí irú físà tí wọ́n ń gbà sì bára mu. J-1 ni ọ̀pọ̀ ń lò, ECFMG ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ H-1B gbọ́dọ̀ ti yege Step 3 kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin físà ń yí lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ bi ọ́fíìsì ètò kọ̀ọ̀kan ní ìwé, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sórí wẹ́ẹ́bù ní ọdún tó kọjá.

Ó ku ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Àbúrò mi, tò wọ́n bí ọkàn rẹ ṣe fẹ́ wọn gan-an, láìwo ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ọ. Láti 1998 ni ìṣirò Match ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Alvin Roth, tó wà lára àwọn tó tún un ṣe, àti Lloyd Shapley gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012 lórí irú iṣẹ́ yìí. Bí o bá gbé ibi tí o rò pé wọ́n fẹ́ ọ sókè ibi tí ìwọ fẹ́, ara rẹ lo ṣe.

Lísìtì rẹ ní apá méjì. Àwọn ètò radiology máa wà lórí lísìtì àkọ́kọ́. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, o lè so lísìtì àfikún ti ọdún àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kò sì pọn dandan kí àfikún náà rí bákan náà fún gbogbo wọn. Lábẹ́ radiology tó wà ní Texas, fi TY Texas ṣáájú. Lábẹ́ èyí tó wà ní ìhà Pennsylvania, fi ti Pennsylvania ṣáájú, kí o má bàa kó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Fi preliminary medicine yẹn sí ìdí gbogbo wọn. Mo ti rí ẹni tó yọ ọ́ kúrò nítorí pé TY nìkan ló wù ú, tó wá rí radiology láìrí ọdún àkọ́kọ́, tó sì fi ọ̀sẹ̀ Match wá àyè kiri nínú SOAP, ìyẹn ìṣètò tí wọ́n fi ń pín àwọn àyè tó ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àìsùn. Má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Bí o bá ṣe tán láti ṣe ọdún kan láìtíì rí radiology, kí o sì tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀, o tún lè fi àwọn TY náà sí ìsàlẹ̀ lísìtì àkọ́kọ́, lẹ́yìn gbogbo radiology. Bá ọkọ rẹ sọ ọ́ dáadáa kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, rí i pé o fọwọ́ sí lísìtì náà lórí wẹ́ẹ́bù NRMP kí àkókò tó tó. Bí o bá sì padà lọ yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, o gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.